Kílọ́ọ̀ṣì Alágídí

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kẹwàá

Ó-Ti-Tán gbé Alágídí, jíìpù mi, dé lónìí. Mẹkáníìkì ni Ó-Ti-Tán — èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn. Ó ti tán, Bàbá. Kí ló tán? Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi há jíìpù mi mọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ti pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì pátápátá. Mo jókòó, mo tẹ̀ ẹ́. Ó le bí ọwọ́ ahun. Láti ọjọ́ tí iléeṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tí mo bá ṣiṣẹ́ ti ta Alágídí fún mi, ó lé lọ́gbọ̀n ọdún, mi ò tíì fẹsẹ̀ tẹ ohun tó le tó báyìí.

Ọmọ mi ní kí n tà á, kí n ra ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì rárá, bíi tirẹ̀. Tirẹ̀ tó jẹ́ pé bí òjò bá ti ṣú, abẹ́ òrùlé ló ń wà bí adìẹ. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èékánná ni mo ń pe ìyẹn — èékánná gígùn, èékánná pupa, fóònù. Ọdún mẹ́fà tó ti wọlé wa, mi ò tíì rí ohun wúwo kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 4

Ó ṣì le.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè. Ilé ìwòsàn ti fún un lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún. Bí ó bá pàdánù ọjọ́ náà, dókítà ojú ò tún ní yà síbí títí di ọdún tó ń bọ̀. Ojú kan ti lọ. Èkejì ò ní dúró di ìgbà yẹn.

Orí òkè ló ń dá gbé, nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ síbẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ aládùúgbò. Kò sí takisí tó ń gun ọ̀nà náà, òun náà sì ní òun ò ní gun alùpùpù láéláé. Ó bi mí bóyá Alágídí ṣì lágbára. Mo ní ta ló ń bèèrè? Èmi fúnra mi ni n ó wá gbé e.

Nínú gbogbo èèyàn tó kù láyé, òun nìkan ni mi ò lè fojú tẹ́ńbẹ́lú. Òun ló pọ̀n mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 9

Ọkùnrin kan wá, bàtà rẹ̀ ń dán ju ojú rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ ra Alágídí láti gbé e síwájú òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, káwọn àlejò máa yàwòrán nídìí rẹ̀. Ó ní òun yóò gbin òdòdó síbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Òdòdó. Mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó lọ gbin ín sórí bàbá rẹ̀ ná.

Ọmọ mi ní mo ń bu àlejò kù. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 12

Ní ìkóríta, níbi tí ọ̀nà ti ga díẹ̀, iná pupa dá wa dúró. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ mi yọ̀ kúrò lórí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kú, Alágídí sì bẹ̀rẹ̀ sí yí padà sẹ́yìn. Díẹ̀ ló kù kó jókòó lórí ọkọ̀ obìnrin kan tó kó ọmọ iléèwé sẹ́yìn. Obìnrin náà ò bú mi. Àánú mi ló ń ṣe é, mo rí i nínú dígí. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Ó-Ti-Tán ló fẹ́ pa àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ọjọ́rú, 14

Mo gbé e padà lọ bá Ó-Ti-Tán. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, bó ṣe ń jẹ búrẹ́dì lọ. Ó ní ó fúyẹ́. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì tó wà lódìkejì títì. Òun náà ní ó fúyẹ́. Wọ́n ti lẹ̀dí àpò pọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Mo fẹ́ kí ọmọ mi wá jẹ́rìí, mi ò bá a nílé. Èékánná ló wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sáṣọ. Mo ní kó wá fojú ara rẹ̀ rí ohun táwọn olè yẹn ṣe fún mi.

Ó gun orí àga awakọ̀ tòun ti sílípáàsì. Ó na ẹsẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì wọlé títí dé ìsàlẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ yí máṣíìnì ìránṣọ. Kò bú sẹ́rìn-ín. Orúnkún mi ló ń wò. Ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i tẹ́ ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn."

Nǹkan kan ò ṣe Alágídí. Orúnkún òsì mi ló ti kú, mo wá ń bú ẹni ẹlẹ́ni kiri. Ojú tì mí débi pé mo lé e padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 18

Mi ò jáde.

Ọjọ́ Ajé, 19

Ọmọ mi ò mọ kílọ́ọ̀ṣì lò. Ọmọ bíbí inú mi.

Èékánná ní òun á wà á. Ó ní òun lòun ń wa ọkọ̀ akẹ́rù nígbà tí bàbá òun ń ta pákó. Mo mọ̀ pé àna mi ń ta pákó. Mi ò bi í rí pé ta ló ń bá a kó o.

Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Rárá — mo gbé e sórí tábìlì, mo sì wojú fèrèsé.

Ọjọ́rú, 21

A dé ẹsẹ̀ òkè láàárọ̀. Níbẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kó fọwọ́ yí ìdè tó wà ní àárín gbùngbùn táyà iwájú kọ̀ọ̀kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni Alágídí á fi máa rápálá, bó ti wù kéèyàn fa gíà tó. Mi ò rán an létí. Mo ń retí pé kó gbàgbé. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo ń retí rẹ̀ bí ẹni ń retí owó oṣù. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí wọn. Èékánná kan ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó jù ú sínú koríko, ó fa gíà kékeré, a gun òkè.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti àpò rẹ̀. Ó fọwọ́ wá ojú awakọ̀ wa, ó ní ṣé ìyàwó wa nìyí? Lẹ́yìn náà ló ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó sáyè mi. Kí ni mo fẹ́ wí? Àgbà ni. Mo gba ẹ̀yìn lọ, sórí bẹ́ǹṣì irin táwọn lébìrà wa máa ń jókòó sí láyé iṣẹ́, mo gbé àpò rẹ̀ lé itan.

Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ̀ lọ́nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kí n gbọ́. Níbi tó ti dagun jù, mo kígbe pé kó má tẹ búréèkì, kó jẹ́ kí gíà dì í mú. Kò kúkú tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi yí ọrùn padà, ó ní, "Àbúrò, jẹ́ kó wakọ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, 23

Wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi bo ojú ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ náà ti wá darúgbó."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24

Ọjọ́ Ajé la ó gbé e padà sókè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù fún oògùn ojú. Èékánná ti gbà.

Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn yẹn ò dára. Ẹni tó kàn án ò ní ìdí lára. Mo ti ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì pé kó wá kan tìmùtìmù tó nípọn sí i, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Ibẹ̀ ni n ó máa jókòó.