Oògùn Ìtọ̀ Tí Mo Lò Nínú Àwẹ̀

Bàbá mi àtàtà, olówó orí ìyá mi,

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń tì mí lójú, kí n lè rí ọ̀nà sọ ìyókù. Ìtọ̀ kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Bí ó bá ti gbọ̀n mí, tí n kò bá tètè sáré, ó ti dà sí mi lára nìyẹn. Nígbà tí mo ṣì ń ta ike ní Ibafo, kò sí ilé epo kan láti ibẹ̀ dé Mowe tí n kò mọ ilé ìtọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń ta epo a máa kí mi bí oníbàárà pàtàkì, bẹ́ẹ̀ n kò ní mọ́tò. Ti àlùwàlá ló dùn mí jù. Mo lè ṣe é tán, kí n tó dé orí ẹní ìrun, ó ti bàjẹ́. Ó dá mi lójú pé ẹ mọ irú rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fọ ìró ìyá yín fúnra yín lẹ́yìnkùlé wa ní Ifọ̀, kí àwọn ìyàwó ilé má baà mọ̀. Nígbà náà n kò mọ ìdí tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́.

Rísíkátù, ọmọ mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Lotto báyìí, ló fà mí lọ sí ọsibítù. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé àpò ìtọ̀ mi ló ń súnkì ṣáá, bó kún bó ò kún. Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń mú un rọ̀: hóró kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lálẹ́. Ó ń gbẹ mí lẹ́nu bí ẹni tó jẹ gúgúrú tí kò rómi mu, ìgbẹ́ sì ń le, ṣùgbọ́n mo ń kírun parí.

Nígbà tí àwẹ̀ dé, Rísíkátù fi ọwọ́ lérí. "Màmá, Ọlọ́run ò ní kí ẹ pa ara yín o. Aláìsàn lè jẹ ẹ́, kó máa fún aláìní lóúnjẹ."

Ẹ mọ̀ mí. Ọmọ yín ni mí, orí mi le. Mo gba àwẹ̀. Kí oògùn má baà bà á jẹ́, mo ń kó gbogbo hóró ọjọ́ náà mì pọ̀ ní sààrì, mo sì ń fi omi lé e. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Ṣebí inú ikùn kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ.

Ìgbà yẹn lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Oòrùn ń ràn, ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Alásárì. Mo gba ojú fèrèsé wo ẹ̀yìnkùlé, mo rí ọkùnrin kan tó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń ṣe àlùwàlá. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò òsì sókè ju tọ̀tún lọ. Nígbà tó fọ ẹsẹ̀ tán, ó gbọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí adìyẹ tó tẹ omi. Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ń jáde lẹ́nu búta àlùwàlá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò gbọ́ ìró rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa jáde, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, ilẹ̀ sì gbẹ.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́ fún yín. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kejì, mo ti jókòó ti fèrèsé kí àsìkò tó tó. Ta ló júwe ilé fún yín? Ifọ̀ lẹ kú sí, igbó ṣì ni Lotto nígbà náà. Kí ló dé tí ẹ kì í wojú mi? Ọmọ kékeré ni mí nígbà tí ẹ lọ, a kò sì ní fọ́tò yín kankan. Mo rántí ọrùn yín, mo rántí ọwọ́ yín. Ojú yín ti parẹ́ mọ́ mi lọ́kàn, òun ni mo sì ń wá.

Rísíkátù gbọ́ mi lọ́jọ́ kan. "Màmá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má scare mi o." Mo ní àdúrà ni. Ṣùgbọ́n mo ti ń fi orúkọ ìyá mi pe ọmọ ọlọ́mọ, mo sì ti bu ọṣẹ ìfọṣọ sínú ògì rí. Mo fura pé oògùn náà ló ń mú orí mi lọ. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ ò sì ní wá mọ́. Mo ń kó o mì lọ ní sààrì.

Nígbà tí àwẹ̀ ń parí lọ, ẹ yíjú padà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, mo di ara ilẹ̀kùn mú. Háà, Bàbá, ọ̀dọ́ ni yín! Kò sí ewú kan lórí yín, irùngbọ̀n yín ò tíì kún. Rísíkátù ọmọ mi jù yín lọ. Mo la ẹnu láti pè yín, ẹnu ti gbẹ, ohùn kò jáde. Mo wá ń kúnlẹ̀, orúnkún ń dùn mí, mo ń lọ díẹ̀díẹ̀. Kí ó tó kanlẹ̀, ẹ ti dọ̀bálẹ̀. Ẹ nà gbọọrọ síwájú mi lórí símẹ́ǹtì, bí ọmọlúàbí ṣe ń kí àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ káàsán, Màmá."

Ẹ gbójú sókè, ẹ ń retí kí n dáhùn.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo sọ bí mo ṣe ń lo oògùn náà fún Rísíkátù, ó sì mú mi padà sí ọsibítù. Dókítà fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo: "Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ kó o mì pọ̀ o! Ó máa ń da àwọn àgbà lórí rú!" Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni. Orí mi ti wálé. Mo ti ń kírun pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi ní mọ́sáláṣí, aṣọ mi gbẹ. N kò rí yín mọ́. Bóyá oògùn ni o, bóyá ẹ̀yin ni, n kò bi dókítà.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kò ju èyí lọ: pé níbi tí ẹ wà, ẹ lè máa ronú lórí ìyá arúgbó tí ẹ kí tí kò jẹ́ yín. Kì í ṣe àlejò sí yín, kì í sì í ṣe ìgbéraga ni kò jẹ́ kó dáhùn. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún un mọ́, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ti dàgbà jù yín lọ.