Mọ́kànlá ni mo kó sí i, Ràmọ́tà ni wọ́n lé lọ

Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ti dọ́wọ́ mi o, ẹ̀yin òǹkàwé, èmi ni wọ́n gbé e fún lójú gbogbo èèyàn, mo fi okùn so ó mọ́ ọrùn, mo rẹ́rìn-ín láti ibi iṣẹ́ délé, màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, àwọn ará ilé wá ń kí wa kú oríire pé ọmọ tó jáde secondary school lánàá òde yìí ti di ọ̀gá kọ̀ǹpútà ní Ọ̀fà... èmi náà ń ṣe àmín, àmín. Ìgbà tí mo wá jókòó kí n jẹun, mi ò mọ adùn ọbẹ̀. Ọwọ́ mi ń lọ sẹ́nu, ẹ̀rín ṣì wà lójú mi, ṣùgbọ́n inú mi dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú ẹ̀. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i, torí kọ́kọ́rọ́ yẹn kì í ṣe tèmi.

Ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé fáwọn èèyàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Alhaja kan ló ni ṣọ́ọ̀bù, èmi àti Ràmọ́tà la jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ràmọ́tà ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tàn án àti bí wọ́n ṣe ń pa á, ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé ni. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ìwé ìròyìn àdúgbò wa tó ń jáde lóṣooṣù, ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ́lé, ẹni tó ti Mẹ́kà dé, èmi ni mo ń kọ ọ́, èmi ni mo ń tò ó. Bùrọ̀dá mi tí wọ́n ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìlọrin wá ń kó diskette wálé fún mi. Prógíráàmù kéékèèké ló wà nínú ẹ̀, téèyàn bá kó o sórí kọ̀ǹpútà, á lè ṣe ohun tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Mo kọ́kọ́ kó èyí tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i. Èyí tó ń fa ìlà olódòdó yí ojú ìwé ká tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn kàlẹ́ńdà, aago tó ń dún, ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà tá ò bá tẹ nǹkan kan... gbogbo ẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá. Ṣé ìwé ìròyìn àdúgbò nílò ẹja? Mi ò bi ara mi.

Ràmọ́tà rí mi. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o ń dì í bíi mọ́tò tó ń lọ sí Òjòkú lọ́jọ́ ọjà, kò ní lè gun òkè o.” Mo ní ìlara ló ń ṣe é, a jọ rẹ́rìn-ín ẹ̀. Kò fẹjọ́ mi sun Alhaja.

Kọ̀ǹpútà wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. A ó tàn án láàárọ̀, a ó gbálẹ̀, a ó pọnmi, kò tíì ṣí. Tó bá ṣí tán, á tún dá dúró sáàárín iṣẹ́. Ìwé ìròyìn oṣù tó kọjá ò jáde, wọ́n sì sọ̀rọ̀ sí Alhaja nípàdé àdúgbò. Alhaja dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ta ló ba kọ̀ǹpútà àwọn jẹ́. Ràmọ́tà wò mí, ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀, mò ń wolẹ̀. Oníbàárà kan tó wá ṣe fọ́tòkọ́pì ló fi ṣàwàdà, ó ní ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé lẹ gbé kọ̀ǹpútà lé lọ́wọ́, Alhaja, ṣé ẹ ò mọ̀ pé inú ṣì ń bí wọn lórí ìjà ilẹ̀ àárín àwa Ọ̀fà àti àwọn ni? Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, Alhaja ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Ràmọ́tà gbé báàgì ẹ̀ kó máa lọ, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n gbé e fún mi. Kọ́kọ́rọ́ tí ojú mi ti wà lára ẹ̀ látọjọ́ tí mo ti débẹ̀... Ràmọ́tà ò tú àṣírí mi. Ó kàn ní kí n má gbàgbé láti máa fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà torí eruku.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ṣọ́ọ̀bù ṣáájú gbogbo èèyàn. Mo yọ ẹja, mo yọ aago, mo yọ kàlẹ́ńdà, mo ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku méjì, èyí tó ń fi àmì sọ́rọ̀ àti èyí tó ń fa ìlà. Méjì ti tó láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo pa á, mo tún tàn án, mi ò tíì gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà tó fi ṣí. Mo ní tí Alhaja bá bi mí pé kí ni mo ṣe sí i, màá jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Alhaja wọlé, wọ́n wò ó, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, “Àbí o ò rí i? Ràmọ́tà lọ tán, ara kọ̀ǹpútà yá.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ṣé kí n lọ bá Alhaja ni? Wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́, màmá mi ti ròyìn fún gbogbo ojúlé. Ṣé kí n lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé? Kí ni màá sọ tí mo bá débẹ̀? Ẹ sọ fún mi, kí lẹ máa ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin? Mi ò lè sunkún, mo ti gbìyànjú. Nígbà tí Alhaja jáde, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn náà, mo tẹ lẹ́tà yìí sí yín látòkè délẹ̀. Kò dá dúró lẹ́ẹ̀kan.