Ta Ló Ń Kànlẹ̀kùn Nínú Mọ́tò Bàbá Rẹ?

Sieni, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé ọmọ inú rẹ ń ta ọ́ nípàá bó ṣe yẹ? O kú ẹrù o. Ọlọ́run tó gbé ẹrù náà rù ọ́ ni yóò bá ọ sọ̀ ọ́, agbè kò ní fọ́, omi kò ní dànù. Àlàáfíà la wà níbí. Abo ẹlẹ́dẹ̀ dúdú ti bímọ rẹpẹtẹ, òjò sì ti gbé ìdajì òrùlé ilé ìdáná lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fara pa.

O mọ̀ pé mo ti sọ ọ́ pé ọwọ́ mi ni yóò kọ́kọ́ gba ọmọ náà. Díẹ̀ ló kù kí ó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mọ́tò bàbá rẹ ló fà á. Nígbà tí à ń ti oko kókò taro bọ̀, bí bàbá rẹ ti tẹ tọ́tù pé kí mọ́tò gun òkè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ kọ́ kọ́ kọ́ nínú ẹ́ńjìnnì. Mo bèèrè pé ta ló ń kànlẹ̀kùn níbẹ̀. Bí bàbá rẹ bá gbẹ́sẹ̀, á dákẹ́, bó bá tún tẹ̀ ẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹni yẹn kò lẹ́kọ̀ọ́, kò rí ìgbà kànlẹ̀kùn àfi ìgbà tí èèyàn bá ń kánjú.

Bàbá rẹ ní òun kò gbé mọ́tò aláriwo dé èbúté Salelologa tí n ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ rẹ, pé bí ẹ́ńjìnnì bá fọ́, ó parí nìyẹn, kí n jókòó sílé kí n máa gbọ́ ẹkún ọmọ lórí fóònù. Mo sunkún, ọmọ mi. Bọ́ọ̀sì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n o mọ bọ́ọ̀sì tiwa, bó bá ti kún, wọ́n á gbé ẹnì kan lé mi nítan, orúnkún mi yìí kò sì tilẹ̀ lè gbé èmi gan-an.

Ni mo bá ránṣẹ́ pe Ropeti, ọmọ Vaitoa, tó ń tún mọ́tò ṣe lábẹ́ igi jálòkè. Sieni, ọkùnrin yẹn mọṣẹ́! Ó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n náà, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó mú ọ̀pá irin gígùn kan, ó fi orí kan ti ẹ́ńjìnnì, ó fi orí kejì sétí, ó dijú. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ń bá ẹni tó ń kànlẹ̀kùn sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni. Mo ní kó bá mi kí i, kó bèèrè bóyá ó ti jẹun. Ó ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ràn. Mo dákẹ́, torí àwọn fóònù wọ̀nyí kì í gbóhùn dáadáa. Nígbà tó ṣe tán, ó ní kò sí irin tó tú, ọ́ìlì pé, ká gbé e lọ sórí òkè kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́.

A gun òkè dé ìdajì, kọ́ kọ́ kọ́, ni wọ́n bá fun ìkarahun àdúrà ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin abúlé ti dúró sójú títì pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá títí àdúrà yóò fi parí. Bàbá rẹ pa mọ́tò síbẹ̀, a tẹrí ba, gbogbo ìlú pa lọ́lọ́. Mo la ojú kan díẹ̀, Ọlọ́run á foríjì mí, mo rí Ropeti tó ń fi imú fa èéfín tó ṣẹ́kù lẹ́yìn mọ́tò bí ajá ọdẹ. Bí a ti ṣe àmín ló bi wá pé kí ló dé tí mọ́tò ń rùn bí ọkọ̀ ìpẹja.

Inú mi dùn pé ó mọ̀ ọ́n. Mo ní èmi ni mo tọ́jú rẹ̀. Bẹntiróò ló tán, mo bá bu nínú dúrọ́ọ̀mù Iosefo, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, èyí tí wọ́n ti po ọ́ìlì mọ́ fún ọkọ̀ ìpẹja, nítorí ọkọ̀ yẹn ń fò lórí omi, mo ní kí mọ́tò wa náà jẹ nǹkan aládùn. Ropeti rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní epo àpòpọ̀ yẹn kò bá ẹ́ńjìnnì mọ́tò mu, pé ó máa ń gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó, bó bá sì di pé à ń fagbára gun òkè, iná náà á máa lu irin. Ó ní ká ní a wà á bẹ́ẹ̀ dé èbúté ni, irin á bẹ́.

Ó fa gbogbo epo náà jáde, ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó fọ̀ ọ́, ó da ojúlówó bẹntiróò sí i. A tún gun òkè náà, kò sí kọ́, kò sí kẹ́. Mo dì mọ́ Ropeti lọ́rùn. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbẹ láéláé, ó ní òun náà mọ̀ pé òun dára. Mo bi í níbi tí ẹni tó ń kànlẹ̀kùn gbà lọ, ó ní ó ti bá epo padà sọ́dọ̀ àwọn apẹja. Mo fún un ní ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan.

Jọ̀wọ́, fi owó tálà díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra epo tí a ó fi padà sílé, ṣùgbọ́n má fi sínú fóònù mọ́. Èyí tí o ní o fi síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo tú ẹ̀yìn fóònù, mo gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, bátìrì nìkan ló bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti jí i lọ́nà nìyẹn. Dì í sínú aṣọ, kí o fún Pelenato tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, òun náà ló mú lẹ́tà yìí wá fún ọ.

Ọjọ́ Ẹtì la ó dé. Mo ní àwa, nítorí bàbá rẹ ń bọ̀, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ti rí ọkọ̀ ojú omi lókèèrè ló ti ń bì. Ó ní nítorí mọ́tò ni, pé àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí ó rọra bi mí pé ṣé àkọ́bí máa ń dun ìyá ọmọ púpọ̀. Mo ní ó máa ń dùn ún. Ó lọ bu omi sí rédíétọ̀ tó ti kún tẹ́lẹ̀. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan ló ti ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ yìí.

Kí Ọlọ́run tì ọ́ lẹ́yìn, kó jẹ́ kí o bí i bí ẹni tú ẹrù sílẹ̀, kí ilé yín má gbọ́ igbe mìíràn àfi ti ayọ̀. Nígbà tí a bá sì dé, ọmọ mi, mo ti yí ọ̀rọ̀ mi padà: bàbá rẹ ni kí o kọ́kọ́ gbé e fún.

Èmi ni ìyá rẹ,
Faʻanati