Màmá Alámì, Ọlọ́pàá Tó Mọ Ọkọ̀ Yàtọ̀ sí Ọkọ́

Oṣù kẹta ọdún 1946 ni wọ́n bí Màmá wa, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá wọn ti ń ṣe olùkọ́. Aṣọ ni ìyá wọn ń rán. Bàbá wọn kì í ka lẹ́tà tí kò bá ní àmì ohùn lórí; wọ́n á ní kí ẹni tó kọ ọ́ lọ wọṣọ fún un ná. Ibẹ̀ ni Màmá ti jogún ojú tí kì í fo nǹkan kékeré.

Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá lọ́dún 1967. Lọ́dún 1971 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, káfíńtà tó wá tún tábìlì àgọ́ ọlọ́pàá ṣe, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tún un ṣe. Ẹ̀ka tó ń tọpinpin jìbìtì ni Màmá ti pẹ́ jù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń lé olè tó ń fo fèrèsé. Màmá ń wá èyí tó wọ táì.

Lọ́dún 1984, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́fà pòórá ní ilé iṣẹ́ kan. Orúkọ akọ̀wé ló wà nísàlẹ̀ lẹ́tà tó fàṣẹ sí títà wọn, àmì ohùn sì kún un fọ́fọ́, nítorí gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ pé akọ̀wé náà kì í kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì sí i. Àwọn ọlọ́pàá ti ti akọ̀wé mọ́lé, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún. Màmá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. “Ọkọ́ mẹ́fà” ló wà níbẹ̀, irú èyí tí a fi ń roko, àṣìṣe tí akọ̀wé náà kò lè ṣe láé. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n pín bébà fún gbogbo òṣìṣẹ́, títí kan ọ̀gá àgbà, wọ́n sì pe gbólóhùn kan nípa ọkọ̀ kí kálukú kọ ọ́ tàmìtàmì. Nígbà tí wọ́n wo ti ọ̀gá, wọ́n ní, “Ọ̀gá, ẹ tún ti ta ọkọ́.”

Ibẹ̀ ni ọwọ́ pálábá rẹ̀ ti ségi. Wọ́n yẹ ilé rẹ̀ wò, wọ́n sì bá àwọn bébà tó ti fi kọ́ bí akọ̀wé ṣe ń buwọ́ lùwé. Akọ̀wé délé kí ìyàwó rẹ̀ tó bímọ.

Màmá fẹ̀yìntì lọ́dún 2001. Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n máa ń kọ́ àwọn opó àdúgbò bí a ṣe ń ka ìwé kí a tó buwọ́ lù ú. Àdúrà wọn kì í gùn. Wọ́n ní fáìlì gbogbo wa ti wà lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Màmá papòdà lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ó dùn wá gan-an. Wọ́n fi ọkọ sílẹ̀, èyí tí kì í gba àmì kankan, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ mẹ́jọ. Akọ̀wé ọdún 1984 yẹn, tó ti di bàbá arúgbó báyìí, ló bá wa fi àmì sí ìwé yìí láti òkè délẹ̀. Wọn ò fo ẹyọ kan.

Màmá, a ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sùn re o.