Ìkíni Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo bẹ̀ yín, ẹ má ka ìwé yìí sókè. Ìyá Kọ́lá tí ó ń gbé òdìkejì ilé wa nígbà ayé yín ti wá bá yín níbẹ̀ láti ìgbà òtútù tí ó kọjá, mo sì mọ̀ pé ikú pàápàá kò lè pa ẹnu ìyá yẹn mọ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí rẹ̀, yóò wá ọ̀nà tí yóò fi gbé e lọ fún ẹnìkan ní Plumstead lójú àlá.

Ara mi le, àfi orúnkún. Mo ti kúrò ní Connaught, àdúgbò tí a jọ gbé ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ìtòsí Tavy Bridge ni mo ń gbé báyìí, níbi tí wọ́n ti wó àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n sì kọ́ tuntun. Ilé ìkàwé ni mo ń lọ bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Ìwé tí olùkọ́ kò kọ́ mi, mo ti fi ara mi kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi bí a ti í jókòó ti ìwé hàn mí.

Ilé ìkàwé yìí náà ni wọ́n ti mú inú bí mi. Wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan láti wá sọ̀rọ̀ lórí eré tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ yẹn, èyí tí ọkọ̀ kan ń rìn láàárín ìràwọ̀, tí àwọn ará inú rẹ̀ ń wá ayé mìíràn. Bí wọ́n ṣe yan àwọn òṣèré rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ó wá ṣàlàyé. Ẹ mọ eré tí mò ń wí. Nígbà tí mo padà dé láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ń tún un gbé jáde ní Sátidé, bí orin rẹ̀ bá ti dún báyìí, ẹ óò dìde, ẹ óò pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ óò sì lọ máa fọ àwo tí Màmá ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé nítorí ìgbàgbọ́ ni, nítorí pé alàgbà ìjọ ni yín. Ẹ ti fi wá sílẹ̀ kí Màmá tó sọ òtítọ́ fún mi.

Kí ẹ tó wọ iṣẹ́ rélùwéè, òṣèré ni yín. Ẹ̀yin ni wọ́n kọ́kọ́ yàn láti ṣe atukọ̀ ọkọ̀ náà, wọ́n sì ti ya apá kìíní tán pẹ̀lú yín. Nínú rẹ̀, ó yẹ kí atukọ̀ wo ọ̀gá ọkọ̀ lójú kòró, kí ó sì sọ fún un pé ó ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n arúgbó tí gbogbo orí rẹ̀ funfun ni ó ń ṣe ọ̀gá. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà pé, kò yingin. Ojú rẹ̀ ni ẹ kò lè wò. Bàtà rẹ̀ ni ẹ ń wò. Kí ọ̀rọ̀ sì tó jáde lẹ́nu yín, orúnkún yín ti tẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún yín ti kan ilẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ tún un ṣe. Ilẹ̀ náà ni ọwọ́ yín tún lọ. Wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sílé. Wọ́n yan ẹlòmíràn, wọ́n sì tún apá kìíní yà láti orí.

Ta ni kò mọ ìwà yìí mọ́ yín? Ẹ mọ bàtà gbogbo àgbà tí ó wà ní Connaught ju ojú wọn lọ. Bàbá òyìnbó tí ó ń fi ọ̀pá rìn ní ìsàlẹ̀ ilé wa kò mọ̀ pé òun ni ẹ ń kí. Ó máa ń rò pé nǹkan yín ló bọ́ sílẹ̀, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ láti bá yín wá a.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin ilé ìkàwé yìí sọ níwájú gbogbo wa. "Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ yàn, ojo ni. Kò lè wo ọ̀gá rẹ̀ lójú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè wa bọ́ọ̀sì, ká má tilẹ̀ sọ ọkọ̀ ojú ọ̀run." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi, wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín, èmi sì jókòó láàárín wọn.

Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí yin ẹni kejì. Ó ní làákàyè ẹni kejì ni ó dá ìkíni àwọn ará ìràwọ̀ yẹn sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé fi mọ eré náà: ojú á lọ sílẹ̀, orúnkún á tẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún á kan ilẹ̀. Ìkíni yín! Ohun tí ó jẹ́ àbùkù lára yín ni ó di ọgbọ́n lára ẹlòmíràn. Wọ́n lé onílé jáde, wọ́n jókòó sórí àga rẹ̀, wọ́n sì ń kí ara wọn kú iṣẹ́ àga. Irú ìwọ̀sí wo nìyí? Ṣé ọjọ́ tí ẹ rí ọkùnrin yẹn tí ó ń kí bíi yín ni ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fọ àwo tó mọ́?

Ó tún ní kí gbogbo wa dìde kí a jọ kí ara wa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń tẹ orí sílẹ̀ kiri bí adìyẹ tí ń ṣa àgbàdo. Ọwọ́ òsì ni àwọn mìíràn fi ń kan ilẹ̀! N kò mọ ìgbà tí mo sọ̀rọ̀.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọmọkùnrin náà yíjú sí mi. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá fi bó ṣe yẹ hàn wá."

Ẹ wo ibi tí mo há sí. Bí n kò bá ṣe é, òpùrọ́ ni mí. Bí mo bá ṣe é, èmi baba àgbà ti tẹríba fún ẹni tí ọmọ mi jù lọ. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Mummy Tóyìn, olórí àwọn ìyá ìjọ wa, ní ẹ̀yìn yàrá, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ará àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ah-ah, Daddy! Ẹ̀yin náà ń bá àwọn ará ọ̀run ṣeré? Kí Pásítọ̀ má gbọ́ o!"

"Mummy Tóyìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ yín."

"Ó ti lọ sókè! Ẹ̀yin lẹ gbé e lọ!"

Mo kojú sí ọmọkùnrin náà. "Èmi kọ́ ni yóò ṣe é fún ọ. Ìwọ ni yóò ṣe é fún mi." Mo ní kí ó má wo ilẹ̀ lásán, bàtà mi ni kí ó wò, bí ẹni pé gbogbo ọ̀nà tí mo ti rìn wà lára rẹ̀. Kí orúnkún tẹ̀ kí ọwọ́ tó lọ. Kí ó má sì dìde títí n ó fi dáhùn. Ó ṣe é. Mo dá a lóhùn bí ẹ ti máa ń dá mi lóhùn: "Wàá dàgbà." Nígbà tí ó dìde, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Sà, a ó gbé àwòrán àwọn òṣèré náà kọ́ sára ògiri ilé ìkàwé yìí. Ti ẹni àkọ́kọ́ nìkan ni àyè rẹ̀ ṣófo. A kò rí àwòrán rẹ̀, a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n?"

Orúkọ yín ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbójú sókè, mo rí i pé Mummy Tóyìn ti na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ń ya fídíò. "Ta ni, Daddy? Ta ni wọ́n ń bèèrè?"

Mo ní, "Orúkọ náà ní ẹni tó ni ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi í."

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, n kò tíì jókòó tán ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnìkan fi wá bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá òótọ́ ni pé mo ti wọ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń fọwọ́ kan ilẹ̀. Ẹgbẹ́! Ẹ wo bí ó ti yára. Bí mo bá dárúkọ yín, wọn yóò ní alàgbà tó ń gbàdúrà lé wọn lórí ti ṣe eré rí, àti pé a purọ́ níbi ìsìnkú yín nígbà tí a kà á pé iṣẹ́ rélùwéè nìkan ni ẹ ṣe. Bí n kò bá dárúkọ yín, àyè yín yóò ṣófo lára ògiri, wọn yóò sì máa pè yín ní ojo lọ.

Kí ni ẹ fẹ́, Bàbá? Ṣé ìtìjú ni ẹ fi pa á mọ́ ni, àbí ìbínú? Bí ó bá jẹ́ ìtìjú, èwo ni ẹ ṣe tó tini lójú? Àgbà ni ẹ bọ̀wọ̀ fún.

Mo ti yọ àwòrán yín jáde, èyí tí ẹ yà ní pápá Plumstead Common nínú kóòtù dúdú. Ẹ kò wo kámẹ́rà. Bàbá Kọ́lá ni ó ń yà yín, ó sì jù yín lọ. Bàtà rẹ̀ ni ẹ ń wò. Ẹni tí ó bá mọ eré náà tí ó bá rí àwòrán yìí, kò tún ní bèèrè ẹ̀rí mìíràn.

Mo ń retí yín lójú àlá, ẹ kò wá. N ó mú àwòrán náà lọ sí ilé ìkàwé, n ó sì dárúkọ yín. Kí Mummy Tóyìn gbé fóònù méjì dání.

Ó ku ìwé yìí. Ǹ bá ní kí ẹ sun ún tí ẹ bá kà á tán, ṣùgbọ́n mo gbàgbọ́ pé kò sí iná níbi tí ẹ wà. Nítorí náà ẹ tètè kà á, kí ẹ jẹ́ kí n bá yín sun ún nínú síńkì, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí, kí agogo tí èéfín máa ń mú dún má baà pe aládùúgbò jọ. Bí ó bá ti jóná, kò sí ẹni tí yóò lè sọ pé mo tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ yín tí ẹ kò sì dáhùn. Orúkọ yín nìkan ni yóò kù, lára ògiri.

Èmi ni, ọmọ yín, tí ojú rẹ̀ ṣì wà lára bàtà yín.