Ọrùn Lẹ́ẹ̀mejì: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Basile Ládiípọ̀ Fálúyì, Aláràbarà Ìlẹ̀kẹ̀ àti Bọ́tìnì (1903–1958)

Ní abúlé kan lẹ́bàá Towé, ní ilẹ̀ Pobè, ni a ti bí bàbá wa ní ọdún 1903, lásìkò ìkórè àgbàdo. Fálúyì, àgbẹ̀ ọlọ́pẹ, ni bàbá tó bí wọn; Ẹ̀bùnọlá, ọmọ Takon, ni ìyá wọn. Ilé tí wọ́n ti ń pa èkùrọ́ látàárọ̀ dalẹ́ ni ilé náà, ibẹ̀ ni bàbá wa sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èèpo líle tí gbogbo èèyàn ń dà síná, tí wọ́n ń ha á lórí òkúta títí yóò fi máa dán.

Ní 1912, wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn Páàdì, àlùfáà ìjọ Àgùdà, ní Pobè. Wọ́n ṣe ìrìbọmi ní 1914, wọ́n sì gba orúkọ Basile. Ní 1922, wọ́n rí iṣẹ́ ní gáà Sakété, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró, wọ́n ń wọn àpò èkùrọ́ lórí ìwọ̀n. Iṣẹ́ oúnjẹ nìyẹn. Iṣẹ́ ọkàn wọn wà lórí àpótí kan lẹ́yìn gáà: ayùn kékeré, iyanrìn tútù, àti irin ṣónṣó tí wọ́n ń ki bọ iná. Wọ́n ń fi igbá àgbọn àti ìwo màlúù ṣe bọ́tìnì, wọ́n ń fi èèpo èkùrọ́ ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti òrùka. Wọn kò tà á rí, fàájì ọwọ́ wọn ni. Títí dòní, ó ń yà wá lẹ́nu bí ọwọ́ èèyàn ṣe lè mú èèpo tí kò tó èékánná, kó sì lu ihò sí i láàrin gan-an láìfọ́.

Ní 1927, ìfẹ́ dé. Bàbá Súbérù, mùsùlùmí pàtàkì, oníṣòwò aṣọ ní Sakété, máa ń rán ọmọ wọn Kùdírátù Sẹ̀gilọlá wá gba ẹrù tó bá ti Porto-Novo dé. Ìyá wa nìyẹn. Lọ́jọ́ tí bàbá wa kọ́kọ́ rí wọn, àpò kan ṣoṣo ni bàbá wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò sì bára mu. Oṣù méje ni wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan, dúdú, tó ń kọ mànà. Ọrùn tí wọ́n ń wò látòkèèrè ni wọ́n fi díwọ̀n, wọ́n sì ṣe é kó lè yí ọrùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n dì í sínú bébà, wọ́n fi lé ìyá wa lọ́wọ́, wọ́n sì padà sídìí ìwọ̀n wọn.

Ojú ń ti ìyá wa láti fi í sọ́rùn lójú àwọn ará ilé, ni wọ́n bá dè é mọ́ ìbàdí lábẹ́ ìró. Níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀ ni ìyá àgbà wọn, Màrúfátù, ìyá tó bí Bàbá Súbérù, ti rí i.

"Kò há, kò sì dẹ̀," ni ìyá àgbà wí. "Ta ló wọn ìbàdí rẹ?"

"Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n, ìyá àgbà."

"Sẹ̀gi, má pa mí lẹ́rìn-ín! Ojú lásán ló mọ̀ ọ́n tó báyìí?"

Nígbà tí Bàbá Súbérù gbọ́ pé oníwọ̀n èkùrọ́ gáà ló ṣe é, ilé dàrú. Láyé ìgbà yẹn, ọkọ nìkan ló lè mọ òṣùwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Bàbá Súbérù búra pé ọkọ̀ ọjọ́ Àìkú ni yóò gbé ìyá wa lọ sí Porto-Novo, kí wọ́n lọ fẹ́ arúgbó kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn. Orúkọ rere ọmọbìnrin kan àti ayọ̀ èèyàn méjì wá rọ̀ sórí okùn tín-ínrín kan.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bàbá wa àti bàbá wọn láti Towé wá jókòó síwájú Bàbá Súbérù.

"Ìwọ oníwọ̀n èkùrọ́, ṣé ọmọ tèmi náà lo gbé sórí ìwọ̀n?"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ọrùn ni mo ṣe é fún, kó yí i lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò fọwọ́ kan ìka wọn rí."

"Ọrùn! Ọrùn ló wá ṣe wẹ́kú ìbàdí?"

Ìyá àgbà Màrúfátù dá sí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní kí wọ́n mú òwú wá. Wọ́n yí i mọ́ ọrùn ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gé e, wọ́n dìde, wọ́n sì fi yí ìbàdí wọn. Etí òwú méjèèjì kan ara wọn. Wọ́n dán an wò lára ìyá wa, ó pé. Lára Fálúyì arúgbó, ó pé. Bàbá Súbérù náà ní kí wọ́n gé tàwọn. Tàwọn kò dé. Ó kù tó ìbú àtẹ́lẹwọ́.

"Súbérù, má bá òwú jà," ni ìyá wọn wí. "Ìwọ lo jẹun ju ọrùn rẹ lọ."

Bàbá Súbérù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, ẹ dán an wò nílé, kí ẹ rí bí Ẹlẹ́dàá ṣe fi ọgbọ́n mọ ara èèyàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣì kù lẹ́nu àna.

"Ojú tó mọ ọrùn ọmọ mi látòkèèrè báyìí, bí mo bá fún ọ, ṣé kò ní lọ mọ tẹlòmíràn?"

"Kò ní lọ, bàbá."

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, 1928, wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Bàbá ń lọ sí Máàsì, ìyá ń kírun, ẹnì kan kò sì yọ ẹnì kejì lẹ́nu. Ní 1936, wọ́n gbé bàbá lọ sí gáà Pobè. Nígbà ogun ńlá àwọn òyìnbó, tí bọ́tìnì kò wọ̀lú mọ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ẹ̀gún de ẹ̀wù, bàbá ṣe bọ́tìnì fún gbogbo wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Páàdì àti ọmọ ilé kéwú.

Àwọn obìnrin ń ti Ita-Djèbou wá tọrọ ẹ̀gbà ọrùn. Bàbá ń ṣe é fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí oníkálukú fi òwú wọn ọrùn ara rẹ̀ wá. Félicité, aládùúgbò wa, bínú: "Basile, ṣé ẹ̀gbin wà lọ́rùn mi tí ẹ ò fi lè wò ó?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Ojú mi ti ríṣẹ́ ṣe ni." Àwọn ẹgbẹ́ wọn fẹ́ ìyàwó méjì, mẹ́ta. Bàbá wa kò fẹ́ ẹlòmíràn.

Wọ́n fi ìyàwó wọn, Kùdírátù Sẹ̀gilọlá, sáyé lọ. Àti àwa ọmọ, Victorine, Séverin, Bàṣírù àti Jádesọ́lá. Pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́fà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, 1958, Páàdì gbé àgbélébùú síwájú wọn lórí ibùsùn, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ń rí i. Bàbá ní: "Mo rí i, Páàdì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún un díẹ̀, ìyàwó mi ló wà lẹ́yìn rẹ̀." Páàdì sún un. Ibẹ̀ ni wọ́n ń wò títí ojú wọn fi pa dé.

Bàbá, ẹ ti mú ọ̀rọ̀ yín ṣẹ. Kí ilẹ̀ Pobè fẹ̀ fún yín, kí Olúwa tẹ́ ẹní ìsinmi fún yín. Ẹ sùn jẹ́ẹ́jẹ́ o.