Síprìngì Tí Mo Fúyẹ́ Jù Fún

Àkọ́bí mi, mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Aránṣọ ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti ní kó kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Orúnkún ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n òrùlé ò jò mọ́.

Síprìngì tí o fi ránṣẹ́ fún ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń gun òkè ti dé. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe dè é, mo jókòó lé e, kò rọlẹ̀ rárá. Ó tú òrùka tó ń mú un le sẹ́yìn, síprìngì ṣì le bí òkúta.

Ó ní, "Bàbá, ẹni tó sanra jù yín lọ ni wọ́n ra èyí fún."

Mo ní, "O fẹ́ gbà á tà ni!"

Mo lọ gun ìwọ̀n nílé oògùn, mo tún gun ti alágbàdo. Méjèèjì gbè é lẹ́yìn: mo ti rù.

Bí o ṣe rí mi kẹ́yìn lo fi rà á. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, oúnjẹ ò wù mí. Má fi síprìngì mìíràn ránṣẹ́. Ìwọ gan-an ni kó o wá. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà mi.